Kìnnìún Tó Yẹ Kó Dùbúlẹ̀

Kìnnìún náà dúró. Ohun àkọ́kọ́ tí Isaac Adéyẹyè rí nìyẹn nígbà tó ṣí páálí kékeré kan. Victor ọmọ rẹ̀, tó gbé páálí náà láti Kánádà wá sí Ìkẹ́rẹ́, dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì ìdánwò. Irun ẹ̀bá etí Victor ti ń funfun. Síbẹ̀, bó ṣe dúró nìyẹn.

Isaac gbé ìràwọ̀ fàdákà tó wà nínú páálí náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ó wúwo, ó mọ́, kò sí ibi tó ha. Láàárín rẹ̀, kìnnìún kékeré kan wà, oòrùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tẹlẹ̀ ṣinṣin, ẹ̀kẹrin na idà sókè. Kò sí àlébù kankan lára rẹ̀, àfi pé ó yẹ kó dùbúlẹ̀.

"Ó dára," ni Isaac wí.

Inú Victor dùn débi pé ó jókòó láìwo ẹ̀yìn, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń wa tírélà ní Kánádà, kò sí ohun tí kò fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ó fi aago kan ránṣẹ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni. Isaac ní òun mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dá a padà. Ó fi kóòtù òtútù ránṣẹ́. Isaac gbé e fún ọlọ́dẹ. Ó ra àga tó máa ń gbọn ara fún ẹni tó bá jókòó sí i. Jọkẹ́, ìyá rẹ̀, ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún bàbá rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti rí ohun tí bàbá náà fẹ́ jù lọ láyé mú wá. Ó rò bẹ́ẹ̀.

Jọkẹ́ yọjú wo inú páálí láti ẹ̀yìn èjìká ọkọ rẹ̀. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kìnnìún. Ó wo ẹsẹ̀ ẹranko náà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ wo iná.

Ọ̀rọ̀ kìnnìún náà rèé. Láyé àtijọ́, ọba Páṣíà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráànì lónìí, ní àmì ẹ̀yẹ kan tó ń jẹ́ Kìnnìún àti Oòrùn. Ipò márùn-ún ni. Ó ń fún àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, ó sì ń fún àlejò. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbà á púpọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ní ọba, torí pé ilẹ̀ méjèèjì pààlà: ọ̀gágun gbà á, dókítà gbà á, ẹni tó la títì gbà á. Ṣùgbọ́n ọba Páṣíà kò fẹ́ kí àlejò àti ọmọ onílé dọ́gba. Ọmọ onílé ní kìnnìún tó dúró, tó mú idà lọ́wọ́. Àlejò ní kìnnìún tó dùbúlẹ̀. Ìwé àṣẹ nìkan ni ọba sì máa ń fún ẹlòmíràn nínú wọn. Onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bá alágbẹ̀dẹ fàdákà ní ìlú rẹ̀ pé kó bá òun rọ ìràwọ̀, bí olóyè tuntun lọ́dọ̀ wa ṣe máa ń wá ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí òǹkà 84 lẹ́yìn irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ti ará Rọ́ṣíà. Àmì fàdákà ilẹ̀ wọn ni.

Isaac kò kọ́ èyí nínú ìwé. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ìjọba Rọ́ṣíà fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Leningrad. Opó àgbàlagbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, Vera lorúkọ rẹ̀. Isaac máa ń bá a gbé igi ìdáná gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Dókítà ni bàbá bàbá obìnrin náà. Wọ́n rán an lọ sí Páṣíà nígbà tí onígbáméjì ń pa wọ́n lọ́hùn-ún, ọba ibẹ̀ sì fún un ní ìràwọ̀ ipò kejì. Nígbà tí ogun há Leningrad mọ́, tí ebi ń pa ènìyàn kú ní òpópónà, Vera fi ìràwọ̀ náà gba búrẹ́dì. Ó ní òun kò kábàámọ̀ búrẹ́dì náà. Ó kàn wu òun kí òun tún rí kìnnìún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ tí Isaac ń bọ̀ nílé, ó fi mẹ́dà kékeré oníkìnnìún tó kù sílé sí i lọ́wọ́. Isaac tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tiro kọjá àwọn aṣọ́bodè.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kó wọn jọ: àwọn tí Páṣíà fún àwọn ará Rọ́ṣíà nìkan, kò fẹ́ òmíràn. Wọ́n ń ti Paris bọ̀, wọ́n ń ti Helsinki bọ̀, nínú àpòòwé, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí owó oṣù rẹ̀ ní iléeṣẹ́ omi bá ṣe gbà. Wọ́n ti di mọ́kànlá. Wọ́n wà lórí aṣọ àrán nínú dúrọ́ọ̀ kan ní pálọ̀. Nígbà kan, àwọn aládùúgbò ní ẹgbẹ́ awo ló ń ṣe, torí ta ló ń fi ìràwọ̀ àti oòrùn àti kìnnìún pamọ́ sílé bí kò bá ní nǹkan lábẹ́ aṣọ? Fíkà wá sílé láti wádìí. Isaac ṣí dúrọ́ọ̀, ó ní, "Páṣíà." Fíkà ní Páṣíà ti Ẹ́sítérì? Isaac ní òun náà ni. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, fíkà yá méjì nínú wọn lọ fi kọ́ àwọn ọmọ Sunday School, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ìràwọ̀ ipò kejì nìkan ni kò rí. Èyí tí àlejò gbà. Èyí tó dùbúlẹ̀. Ó ti di ọgọ́rin ọdún, ó sì mọ ìṣirò. Irú rẹ̀ kì í jáde sọ́jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ó bá Jọkẹ́ nídìí ààrò.

"Ó dúró," ni Jọkẹ́ wí.

"Ó dúró."

"Èyí tó dùbúlẹ̀ sì lẹ ń wá."

"Òun ni."

Jọkẹ́ bi í bóyá yóò sọ fún ọmọ náà. Isaac ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, òun kò purọ́ fún un rí. Jọkẹ́ ní kò sẹ́ni tó ní kó purọ́. Dídákẹ́ ni kó dákẹ́, ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti fẹ́ òun, kò sì yẹ kó ṣòro fún un lónìí.

Isaac dákẹ́ títí di alẹ́. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó ṣe ohun tí kì í ṣe: ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní báwo ló ṣe rí ìràwọ̀ náà. Victor gbé òkèlè sílẹ̀. Ó ní obìnrin kan ní Montreal ló ń tà á. Àwọn bàbá ńlá obìnrin náà sá kúrò ní Rọ́ṣíà nígbà tí wọ́n lé ọba wọn, wọ́n sì ń ra irú nǹkan wọ̀nyí, wọ́n ń tà á láti ìgbà náà. Méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí òun, òun sì ṣí i nínú tírélà níbi tí òun ti dúró ra epo.

"Dádì, mo wò ó, kìnnìún na gbalaja sílẹ̀. Mo ní kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará Ìkẹ́rẹ́? Pé bàbá mi pé ọgọ́rin ọdún, mo wá gbé ẹranko tó ti sùn lọ wá bá wọn ṣọdún? Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo dá a padà. Mo ní èyí tó dúró ni kí wọ́n fún mi. Mo tiẹ̀ fi owó lé e."

Òkèlè gba ibi tí kò yẹ lọ lọ́fun Jọkẹ́. Ó wú ikọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Isaac mu omi tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn, kò rí ibi tí yóò ti dá ọmọ náà lẹ́bi. Gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ ìwé nípa àmì ẹ̀yẹ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa ṣe àṣìṣe yìí, kò sì sí ọmọ Èkìtì tó gbọ́n tí kò níí ṣe é. Bó bá jẹ́ òun náà ló fẹ́ ra nǹkan fún bàbá tirẹ̀ ńkọ́? Yóò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó bi í pé ta ló wá ra èkejì. Victor ní kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi tà. Obìnrin náà tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù pé Nàìjíríà ni ẹni tó rà á náà wà.

Ọwọ́ Isaac dúró lẹ́nu àwo. Ní gbogbo Nàìjíríà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó lè ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Emure lonítọ̀hún sì ń gbé.

Akínọlá ni. Ọkọ̀ òfuurufú kan náà ló gbé òun àti Isaac lọ sí Rọ́ṣíà ní 1966. Isaac lọ kọ́ iṣẹ́ omi, Akínọlá lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tí Isaac bẹ̀rẹ̀ sí í kó kìnnìún jọ, Akínọlá náà ní òun yóò kó, torí kò sí ohun tí Isaac ń ṣe tí kì í wù ú ṣe. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà. Wọ́n wá jókòó, wọ́n pín in. Isaac a máa kó ti àlejò, èyí tó dùbúlẹ̀. Akínọlá a máa kó ti ọmọ onílé, èyí tó dúró. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ẹnì kankan nínú wọn kò wọ oko ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú ìdúpẹ́, Akínọlá gba Ìsẹ̀ wá, ó sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Isaac pẹ̀lú ọ̀pá tí kò nílò. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dá àpárá. Láti ẹnu géètì ló ti ń pariwo pé àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ kò mọ uyán gún, òun sì ti jẹun kí òun tó kúrò nílé. Jọkẹ́ dá a lóhùn láti ìdí odó pé ẹni tó jẹ òkìtì mẹ́ta lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde kò yẹ kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Victor dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì padà sídìí àwọn àga tó ń fọ̀ fún ọjọ́ kejì.

Nínú pálọ̀, Akínọlá ti ilẹ̀kùn.

"Tòfáríṣì," ni ó wí. Ẹlẹgbẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Rọ́ṣíà, bí àwọn méjèèjì sì ṣe ń pe ara wọn nìyẹn láti ọjọ́ Leningrad. "Kí lo máa fún mi?"

"Lórí kí ni?"

Akínọlá ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú nǹkan kan jáde nínú aṣọ ìnujú funfun, ó gbé e sórí tábìlì. Isaac kò fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀. Kìnnìún náà dùbúlẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó gbé orí sókè, oòrùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Isaac yí i padà. 84. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà orúkọ alágbẹ̀dẹ kan tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kì í ṣe ti Vera. Bó bá sì jẹ́ tirẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni. Isaac bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

Akínọlá ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ó ní obìnrin Montreal kan ló ní ìràwọ̀ méjì. Èyí tó dúró ni òun fẹ́, ogún ọdún lòun ti ń wá ipò kejì rẹ̀. Kí òun tó san owó, obìnrin náà ní awakọ̀ tírélà kan ní Kánádà ti gbà á, pé ó dá èyí tó dùbúlẹ̀ padà torí pé kò fẹ́ràn bó ṣe sùn. Òun rẹ́rìn-ín títí. Òun wá ní kó fún òun ní èyí tó sùn ọ̀hún, torí òun mọ ọkùnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó máa fi ulé rẹ̀ gbà á.

Ó yíjú bó ṣe ń sọ ọ́. Ó rí páálí Victor lórí dúrọ́ọ̀, ó sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dákẹ́. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí Akínọlá láti ìgbà tó ti dé láti Rọ́ṣíà.

"Victor ni?" ni ó bi í.

"Victor ni."

Akínọlá jókòó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pín in. Kìnnìún Isaac wà lọ́wọ́ òun, kìnnìún òun wà lọ́wọ́ Isaac. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí kálukú máa lọ sílé pẹ̀lú tirẹ̀.

Isaac wo èyí tó dùbúlẹ̀. Bó bá na ọwọ́ báyìí, ó ti di tirẹ̀. Àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò parí lórí tábìlì yìí, kí uyán tó délẹ̀.

"Ọmọ ló fún mi," ni ó wí.

Akínọlá ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Inú páálí ni kí wọ́n fi èyí tó dùbúlẹ̀ sí, kí wọ́n dé e padà. "Ẹni tó ń wa tírélà," ni ó wí, "ṣé ẹsẹ̀ kìnnìún ló máa wá yẹ̀ wò?"

"Ẹsẹ̀ ló wò," ni Isaac wí. "Ìdí nìyẹn tó fi wà níbí."

Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì pe Victor.

Victor wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lápá. Isaac ní kó nu ọwọ́. Ó to kìnnìún méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, láìfi iyọ̀ sí i. Ti àwọn ará Rọ́ṣíà ni òun ń kó jọ. Èyí tó dùbúlẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà. Èyí tó dúró kì í ṣe tiwọn, kò sì sí àyè fún un nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Èyí tí Victor dá padà ni èyí tí òun ti ń wá kí wọ́n tó bí i.

Ojú Victor rẹ̀ wálẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ gbẹ. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Akínọlá, tó máa ń ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu nígbà gbogbo, ń wo àjà.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, Dádì?"

"Inú rẹ dùn."

Victor mí kanlẹ̀. Ó fi ìka ti èyí tó dùbúlẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. "Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tìtorí yín náà ni mo ṣe rà á."

Àyè ṣí sílẹ̀. Akínọlá ti ń na ọwọ́ sí èyí tó dúró. Isaac gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Mi ò tíì bi ọ́ pé kí n pààrọ̀ rẹ̀," ni ó wí. "Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, méjèèjì wà níwájú rẹ, o mọ èyí tí mò ń wá. Èwo lo máa fún mi?"

Victor sún mọ́ tábìlì. Ó tẹjú mọ́ àwọn kìnnìún náà. Ó hàn gbangba èyí tó yẹ kó mú.

"Ẹ má bínú, Dádì," ni ó wí níkẹyìn. "Mi ò lè gbé èyí tó dùbúlẹ̀ fún yín. Ẹ lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́ ló máa ti wá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣì wà lórí ẹsẹ̀ yín."

Isaac mi orí. Ó yíjú sí Akínọlá. "O gbọ́."

"Mo gbọ́ kí ni?"

Isaac wá sọ̀rọ̀. Jọkẹ́, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, sọ lẹ́yìn náà pé òun ka gbólóhùn rẹ̀, ó ju mẹ́fà lọ.

"Èyí tó dùbúlẹ̀, àlejò ni wọ́n ń fún," ni ó wí. "Ọba kò mọ̀ ọ́n, ó kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mo ṣe àlejò fún ọdún mẹ́fà ní Leningrad, mo mọ bó ṣe rí. Wọ́n ṣe mí dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó dúró, ẹni tó jẹ́ tiwọn ni wọ́n ń fún. Victor kò mọ òfin wọn. Síbẹ̀, ohun tó ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fún mi ní irú rẹ̀ rí, mi ò sì ní pààrọ̀ rẹ̀. Akínọlá, gbé kìnnìún rẹ lọ sí Emure. Tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Victor yíjú sí fèrèsé, ó ní ọṣẹ wọ òun lójú.

Akínọlá kò gbà. Ó ní ta ló gbọ́ irú èyí rí, kí àgbàlagbà méjì máa jókòó ti kìnnìún ara wọn? Ó rán Isaac létí àdéhùn. Ó ké sí Jọkẹ́ kó bá òun bá ọkọ rẹ̀ wí. Jọkẹ́ ní uyán ń tutù. Akínọlá jẹ òkìtì mẹ́ta, láàárín òkìtì kan sí èkejì ló sì ń rojọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ní ó dáa. Ó ní ohun tí òun kórìíra jù lọ ni kí ohun tí òun ti ń wá láti ogún ọdún wà ní Ìkẹ́rẹ́ kí òun má lè wò ó.

"Máa wá wò ó," ni Isaac wí.

"Ìwọ náà yóò máa wá wo tìrẹ?"

"Ní ọ̀sẹ̀ tí o kò bá wá."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì láyé wọn.

Ní ọjọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn rí ohun tí wọn kò rí rí. Isaac kì í fi ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́dà rẹ̀ sára. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi gbà wọ́n, òun kọ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé Adéyẹyè dìde láti jó lọ síwájú pẹpẹ, ìràwọ̀ fàdákà kan ń tàn ní àyà òsì agbádá funfun rẹ̀, kìnnìún dúró nínú rẹ̀, ó na idà. Àwọn tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ awo rántí rẹ̀. Fíkà tẹ̀ síwájú láti gbàdúrà fún un, ó tẹrí ba díẹ̀ láti wò ó, ó sì bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ọba wo ló fún un ní èyí.

"Ọmọ mi ni," ni Isaac wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú makirofóònù, gbogbo ìjọ gbọ́. Ariwo ìdùnnú tó sọ, ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Victor tún sọ pé ọṣẹ ni, bẹ́ẹ̀ aago mọ́kànlá ti lù, kò sì sí ọṣẹ níbì kankan.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Victor gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Emure nínú ọkọ̀ kékeré tí ìyá rẹ̀ fi ń lọ sọ́jà. Akínọlá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó gbé kìnnìún tó dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀, ó sì jókòó tì í bí akọ̀wé kóòtù. Ó ní wíwò lásán ni, kò sí gbígbé. Isaac wò ó fún wákàtí kan gbáko. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ya òǹkà rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ sínú ìwé kékeré. Nígbà tó ṣe tán, ó dìde, ó ní ó dìgbà kan ná. Kò bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n ti ń jáde sí ọ̀nà Ìsẹ̀ kí Victor tó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ bóyá wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Dádì, ta ni wọ́n fún ní nǹkan yẹn gan-an?"

Isaac ní àwọn kò lè mọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní ṣùgbọ́n òun lè sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ní bóyá ẹni tó la ọ̀nà gba orí òkè ni. Ó sọ bí àwọn òkè ọ̀hún ṣe ga ju Olósùnta, òkè Ìkẹ́rẹ́, lọ lọ́nà ogún, bí yìnyín ṣe máa ń dí wọn nígbà òtútù, bí ìwé àṣẹ ọba ṣe máa ń wà lẹ́yìn ìbaaka fún oṣù méjì kó tó tẹ ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ó sọ bí onítọ̀hún yóò ṣe gbé ìwé náà, tí kò lè kà, lọ fún alágbẹ̀dẹ, tí àwọn méjèèjì yóò jókòó máa ro bí kìnnìún ṣe ń rí, torí kò sí ẹni tó rí kìnnìún rí nínú wọn. Victor rẹ́rìn-ín. Isaac náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn fi jọ ajá.

Wọ́n kọjá Ìsẹ̀, ó ń sọ ọ́. Wọ́n wọ Ìkẹ́rẹ́, kò tíì parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìyànà ilé, Victor kò yà. Ó gba ọ̀nà Adó lọ tààrà, ó dín eré kù, bí ẹni tí kò kánjú délé. Isaac rí i. Ó wo ìyànà náà bó ṣe ń kọjá lọ lẹ́yìn fèrèsé, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.